Ọjọ́rú Tí Mo Ṣì Túmọ̀ fún Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ ní Dichemso, ní Ghana níbí. Mo ti dúró lójú oórì yín lọ́pọ̀ ìgbà, mo ṣe àdúà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò jáde lẹ́nu mi rí. Ìyá wà dáadáa. Èmi ni mo ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà Kejetia báyìí. Ẹ̀yin a máa ti àgádágodo, ẹ óò ṣí i, ẹ óò tún tì í, kí ẹ tó gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́. Èmi ò ní irú sùúrù yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Ìlọrin, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò kúrò ní Ghana, wọ́n padà sílé, ẹ̀yin kò lọ, torí ẹ ò fẹ́ fi Ìyá sílẹ̀. Wọ́n bínú. Ẹ ò kí ara yín mọ́ fún bí ogún ọdún. Ìgbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ni awakọ̀ kan mú ìwé wá fún yín lọ́jọ́ Àìkú kan. Bàbá Ìlọrin ti dé, wọ́n wọ̀ sílé máígídá kan, onílé tó ń gba àlejò, ní àdúgbò Aboabo. Wọn ò mọ̀wé. Ọmọ máígídá ló bá wọn kọ ọ́, kò sì gbọ́ Yorùbá, ló bá fi òyìnbó kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ rí yín: "I am here until Wednesday."

Èmi nìkan ni mo ń ka òyìnbó nínú ilé. Ojú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa ni mo ti rí "until" rí. Olówò náà rìnrìn àjò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Closed until Monday." Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó ṣílẹ̀kùn. Mo wá gbà pé ọjọ́ tí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún yín pé Ọjọ́rú ni Bàbá Ìlọrin máa wà ní Aboabo.

"Ọjọ́rú ni?"

"Ọjọ́rú ni, Bàbá."

"Tún un kà."

Mo tún un kà, mo sì tún un túmọ̀ bẹ́ẹ̀, tìgbéraga tìgbéraga.

Ẹ fárí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ra aṣọ funfun kan fún wọn, èmi ni mo gbé e dání nígbà tí a lọ lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán Ọjọ́rú. Obìnrin kan nínú ilé náà ló sọ fún wa pé àlejò ti wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa bọ̀, gbólóhùn kan péré lẹ sọ: "Wọ́n pè mí kí n lè wá bá yàrá òfìfo ni."

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo ti wọ JSS. Tíṣà kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó, pé a ti ṣọ́ọ̀bù "until Monday," àti pé ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí "until Monday." Ó ní "títí di" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú èkíní, títì ló parí lọ́jọ́ náà. Nínú èkejì, ṣíṣí ló parí. Ọjọ́rú ni àbẹ̀wò Bàbá Ìlọrin ń parí.

Nígbà tí mo délé, ẹ ń ṣe àlùwàlá lágbàlá. Ẹ wojú mi.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

Bàbá Ìlọrin ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n tún lò. Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ò nà mí rí. Ṣé torí pé ẹ máa ń fi mí yangàn ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ yín gbọ́ òyìnbó ni? Nígbà tí ìròyìn ikú wọn dé, ẹ ò lọ. Ẹ jókòó síwájú ilé, mo sì gba ẹ̀yìn yín kọjá.

Lóṣù tó kọjá, Sàlámọ̀tù, ọmọ Bàbá Ìlọrin, wá wa dé Dichemso. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá òun fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà máígídá, tí wọ́n gbé àga kan síwájú, tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Wọ́n padà sílé, wọ́n ní àbúrò àwọn kọ̀ láti wá. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà yẹn?"

"Mọ́kànlá."

"Ọmọdé ni ọ́."

Mo ní mi ò kéré mọ́ lọ́jọ́ tó yé mi. Ó fọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ, ó sì dìde. Lọ́jọ́ kejì ló ní kí n mú òun lọ sójú oórì yín. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, ó ní pẹ̀lú gbogbo ìbínú yẹn, kò sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí bàbá òun kò dárúkọ yín nínú àdúà.

Ṣé ẹ̀yin náà ń dárúkọ wọn? Mo máa ń jókòó sẹ́yìn yín, mi ò fetí sí i rí.

Mi ò tíì sọ fún Ìyá. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀ báyìí. Bí mo bá ti pa ìwé yìí dé, màá lọ jókòó tì wọ́n.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín sí ibi kan náà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì pẹ́ kó tó sọ òótọ́.