Oyún Tí Kóòtù Ò Gbọdọ̀ Rí

Ọkọ mi ń rí mi lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú-ìwé yìí, ẹ má bínú, bí mo ṣe máa sọ ọ́ náà nìyẹn. Bó bá ti ń wọlé báyìí, èébì á fẹ́ gbé mi, kì í sì í ṣe torí oyún tó wà lára mi... Libreville níbí là ń gbé, ní Gabon, àdúgbò Avéa, ọmọ ìjọ ni wá, mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá ìjọ kankan.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbá ọkọ mi ní Okala nígbà tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Mi ò ní purọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lóòótọ́, èmi ni mò ń gbé póò fún un, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti jinná. Ìgbà tí ìjọba wá gé iye owó CFA tí à ń ná níbí sí méjì, tí ìrẹsì di ohun tí à ń fojú wò lásán, tí ibi iṣẹ́ ní kó má padà wá mọ́, bàbá kan tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí ní ká pe àwọn tó ni ọkọ̀ náà lẹ́jọ́. Òun ló kọ́ ọkọ mi ní gbogbo Faransé kóòtù tó ń sọ kiri. Ó ní préjudice ni gbogbo ohun tí jàǹbá bà jẹ́ fún èèyàn, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Ó ní owó ìrora wà lọ́tọ̀, pretium doloris. Ó ní expertise ni ọjọ́ tí dókítà tí kóòtù yàn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ mi há gbogbo ẹ̀ sórí ju Sáàmù lọ. Á gbé ọ̀pá, á máa tiro yí pálọ̀ ká, á ní kí n wò ó bóyá ó jọ ọ́... ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé láàárọ̀.

Bàbá yẹn tún wá ní préjudice sexuel wà, pé bí jàǹbá bá gba agbára ọkùnrin lọ́wọ́ èèyàn, owó tìyẹn náà wà. Ni òun àti ọkọ mi bá mú mi lọ bá lọ́yà wa, kí n jẹ́rìí pé láti ọjọ́ náà ọkọ mi ò tíì fọwọ́ kàn mí. Mo sọ ọ́, torí ebi tó ń pa àwọn ọmọ mi. Bá a ṣe délé, kí n tó bọ́ bàtà, ó ti ń fà mí lọ sí yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Oyún yẹn ti ń yọ báyìí, adájọ́ sì máa pè mí. Mo sọ fún ọkọ mi, mo rò pé ojú á tì í. Ó jókòó, ó rò ó, ó ní kò burú, kí n sọ pé mo yan àlè. Ó ní àánú òun á tún ṣe adájọ́ sí i, pé jàǹbá ti tú ilé òun ká, préjudice míì nìyẹn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọkùnrin inú ìjọ, èwo la lè pè ní bàbá ọmọ...

Bí mo bá sọ òtítọ́, á hàn pé mo ti jẹ́rìí èké nìyẹn, ṣé wọn ò ní tì mí mọ́lé toyún-toyún? Bí mo bá gba tiẹ̀, ta lọmọ yìí máa pè ní bàbá? Ta ló máa gbà mí gbọ́ lọ́la pé mi ò ṣe panṣágà? Kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn, aṣọ kan ṣoṣo ló kù tó ṣì ń bo ikùn mi.