Fóònù Tí Kì Í Dún

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ sáà pè mí ní Ìyàwó Nọ́ọ̀sì, ní Kpata.

Òru ni ọkọ mi fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Bí fóònù ilé wa bá ti dún báyìí, oorun ti dà nù. Ni mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ní Old Market, mo sì rí èyí tí mò ń wá. Kì í dún rárá. Iná pupa ló ń tàn lára rẹ̀ bí èèyàn bá pè. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nínú kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, iná tàn. Ìyá ọkọ mi ló ń pè láti Agbaja. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn ní èdè ilé wa, mo ní, "Òkun o, Ìyá."

Wọn ò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo gbé ohùn sókè. Nígbà tí mo kí wọn lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu oorun kúrò lójú.

Ó ní, "Fóònù yìí dára o. Ìwọ gan-an ni kò ní ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sílẹ̀."

Mo ṣì fẹ́ràn fóònù mi. Àmọ́ ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kí ìyá ọkọ wúyẹ́wúyẹ́, tí kò fi ní dà bí ìgbéraga?