Igi Ápù Tí A Gbìn Sórí Ìwọ́ Ìbùkún

Màámi, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí tí n kò fi mọ̀ pé ilẹ̀ gbóná,

Mo kí yín láti Rush, ìlú kékeré kan létí òkun, lẹ́bàá Dublin ní ilẹ̀ Ireland. Ẹ kò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí nígbà tí ẹ wà láyé. Èmi náà kò gbọ́ ọ rí títí mo fi darúgbó. Òtútù ibí kọjá àfẹnusọ. Lásìkò yìí, oúnjẹ ọ̀sán kì í tíì dà nínú ènìyàn tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ léra bí mo ti ń kọ ìwé yìí, mo sì dé fìlà nínú ilé, ohun tí ẹ kì í fẹ́ rí. Ẹ foríjì mí. Bí ẹ bá wà níbí, ẹ̀yin náà á wé gèlè sùn.

Ìròyìn tí mo mú wá kò dára. Wọ́n ti ta ilé tí à ń gbé. Onílé wa, bàbá àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí, ló kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta ilé àti oko tó yí i ká fún àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun. N kò lè bá wọn jà, ohun ìní bàbá wọn ni. Gbogbo ayé ló ń ra ilẹ̀ níbí báyìí. Ibi tí ẹ bá ti rí kábéèjì lánàá, bíríkì lẹ máa rí níbẹ̀ lónìí. Ẹ̀rọ ńlá tó ń wú ilẹ̀ ti wà nínú oko tó fẹ̀gbẹ́ kan ògiri wa, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí á jáde kí òun lè wọlé. Lọ́la, ọjọ́ Ajé, la ó kó lọ sí Huntstown, àdúgbò kan ní Dublin, sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, àwa lókè. Mo ti lọ wò ó. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé, ọkọ̀ ni mo rí, ọkọ̀ àti ọkọ̀.

Ẹ mọ Abíọ́dún, ọmọ mi obìnrin. Ẹ gbé e jó lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ fi wá sílẹ̀. Òun ló mú mi wá síbí nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, nítorí kò fẹ́ kí n máa dá gbé. Ọkọ rẹ̀ ni Káyọ̀dé. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní èbúté Dublin, nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, àyà mi kì í sì í balẹ̀ láàárọ̀ àfi tí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ obìnrin méjì ni wọ́n bí. Tómi ni ẹ̀gbọ́n, ó ti ń ga tó ìyá rẹ̀. Ìbùkún ni àbúrò. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, lẹ́yìn tí mo dé.

Àwọn ọmọ náà kì í lọ sí ilé-ìwé. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tíṣà ni Abíọ́dún nílé kó tó wá síbí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn, lórí tábìlì ìdáná. Ìjọba ibí gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti palẹ̀ àwo oúnjẹ àárọ̀ mọ́, ìdáná ti di kíláàsì nìyẹn. Tómi á máa ṣe ìṣirò, Ìbùkún á máa to ẹ̀wà lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kó lè mọ òǹkà. Èmi ni mò ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń gbọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ibí ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ sókè sódò bí ẹni ń kọrin.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i, síbẹ̀ n kò tíì yéé ṣàníyàn. Ta ni yóò fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí? Ta ni wọn yóò bá ṣọ̀rẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí kọjá odò nígbà òjò, nígbà tí mo ti tóbi tí ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nínú omi, kí n má baà pẹ́ dé ilé-ìwé, ojú wo ni n ó fi wò yín bí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń kàwé?

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín. Ọgbà ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti mọ̀wé jù. Inú páálí ẹyin ni wọ́n ti ń mú irúgbìn hù lójú fèrèsé, Tómi á máa fi rúlà wọ̀n ọ́n. Pòtétò, àlùbọ́sà, káróòtì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn pẹ̀lú ìyá wọn. Lẹ́yìn ìjì, a máa ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sí etí òkun láti kó ewé òkun tí omi dà sílẹ̀, nítorí àwọn àgbẹ̀ ibí máa ń fi í ṣe ajílẹ̀. Òórùn rẹ̀ burú. Àwọn ọmọ á máa jù ú lu ara wọn, èmi á máa pariwo kí wọ́n má lọ sítòsí omi. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ó hù, ó tutù yọ̀yọ̀, inú mi dùn. Yìnyín sì bọ́ lóru ọjọ́ kan, ó pa gbogbo rẹ̀, ó dúdú bí ẹni pé a da omi gbígbóná lé e.

Bí ẹ bá ti gbin nǹkan tán, ẹ máa ń fọwọ́ tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ rántí? Èmi náà ń ṣe é, n kò mọ̀ pé mò ń ṣe é àfi ìgbà tí mo rí Ìbùkún tó ń ṣe é. Ẹ sì máa ń wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ imú mi bí mo bá sùn, kí ẹ lè mọ̀ bóyá mò ń mí. Mo máa ń jí, mo kàn ń dákẹ́ ni. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ àníyàn, Màámi, n kò sì dá yín lẹ́bi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyí. Nígbà tí ìwọ́ Ìbùkún já, kò sí ìyá àgbà kankan nínú ilé tó lè ṣe ohun tó yẹ. Èmi ni mo kù. Mo wé e sínú aṣọ funfun, mo sin ín sí igun ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì gbin ọmọ igi ápù kan lé e lórí. Nílé, ọsàn tàbí obì ni à bá gbìn. Abíọ́dún dúró tì mí pẹ̀lú ọmọ náà lápá. Inú wa dùn. Kò sí ẹni tó ronú nínú àwa méjèèjì pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Nílùú wa, agbo ilé ni wọ́n ń sin ín sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè lé ọmọ náà kúrò. Báwo ni mo ṣe lọ fi ìwọ́ ọmọ sínú ilẹ̀ tí à ń háyà? Ǹ bá dì í, kí n fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Èrò yìí kò wá sí mi lọ́kàn, ọjọ́ tí a gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé ló wá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ pé kí a wú igi náà, kí a gbé e dání. Káyọ̀dé kò fẹ́ gbọ́. Onígbàgbọ́ gidi ni, kì í fẹ́ ohun tó bá jọ ìbọ. Nítorí náà, lánàá òde yìí tó jẹ́ Sátidé, kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo mú ṣọ́bìrì, mo sì jáde.

Ilẹ̀ le bí òkúta. Abíọ́dún yọ sí ẹnu ọ̀nà ìdáná.

“Daddy! Kí lẹ ń ṣe nínú yìnyín yìí?”

“Mò ń wú igi ọmọ mi.”

“Sálúbàtà lẹ wọ̀ jáde! Ẹ ó ṣubú o, èmi ò ní gbé yín.”

Tómi gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ah Grandad, you're mad, you are.”

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?” Ìyá rẹ̀ ti yíjú sí i.

“Sorry, Grandad. Sorry, sir.”

Mo fojú le, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń gbọ̀n mí nínú. Tómi bá mi mú bàtà òjò wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wa ilẹ̀. Bí Káyọ̀dé ṣe dé nìyẹn, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì ofeefee ibi iṣẹ́ lọ́rùn, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn.

“Daddy mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti sọ fún yín. Ọlọ́run ló ń pa ọmọ mọ́, kì í ṣe igi.”

“Mo gbọ́. Ṣé Ọlọ́run ló wá ní kí n má gbé igi mi lọ ni?”

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Lọ́yà ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí òtútù má pa yín sí mi lọ́rùn.”

Ó gba ṣọ́bìrì. Ó wa á yíká, ó mi igi náà, igi náà mì, ṣùgbọ́n kò jáde. Ó wa á síwájú sí i. Gbòǹgbò kan ló dì í mú, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ó gba abẹ́ ògiri kọjá sínú oko tí ẹ̀rọ wà. A fà á, kò wá. Káyọ̀dé lọ mú ayùn.

Mo mọ̀ pé igi kì í kú nítorí gbòǹgbò kan. Èmi gan-an ni mo sọ fún un pé kó gé e, kí a lè tètè ṣe é tán. Ó kúnlẹ̀ sínú kòtò, ó gbé ayùn lé gbòǹgbò náà. Ó wà bẹ́ẹ̀. Ìbùkún ti jáde báyìí, ó dúró létí kòtò pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Káyọ̀dé gbójú sókè wò ó. Ó fi apá nu iwájú orí. Ó gbé ayùn náà sílẹ̀.

“Daddy, mi ò lè gé e.”

“Gé e, Káyọ̀dé.”

“Mo mọ̀ pé igi lásán ni. Ọwọ́ mi ló kọ̀ ọ́.”

Abíọ́dún sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Ẹ̀rọ yẹn á gé e náà ni, ṣé ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀,” ni Káyọ̀dé wí. “Kó má ṣáà jẹ́ èmi.”

Ẹni tó ti ń bá mi jà lórí igi yìí láti ọjọ́ yìí wá, òun ni kò lè fi ayùn kàn án. A da iyẹ̀pẹ̀ padà. Gbogbo wa la dà á, pẹ̀lú ọwọ́. Ìgbà náà ni Ìbùkún fọwọ́ fa súwẹ́tà mi.

“Where's yours, Grandad?”

Màámi, n kò mọ̀ ọ́n. Mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Mo ti gbé ayé débi ogbó yìí, n kò bi yín léèrè rí. Níbo lẹ sin tèmi sí? Ṣé ìdí ọsàn tó wà lẹ́yìn ibi ìwẹ̀ ni? Wọ́n ti gé e nígbà tí wọ́n la títì gba àárín agbo ilé wa. Ṣé inú oko yín létí odò ni? Ẹlòmíràn ló ń dá a báyìí. Àbí ẹ̀yin náà gbàgbé, nítorí ibà tó dì yín mú lẹ́yìn ìbí mi, tí wọ́n ní ẹ kò mọ ẹni tó ń wọlé? Ta ni mo fẹ́ bi? Gbogbo ẹni tó lè mọ̀ ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀.

Láti àná ni mo ti ń ronú lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ pé títì ti gorí tèmi láti ìgbà yẹn, kí ló wá ń dì mí mú? Mo ti gòkè odò, mo ti rin ìrìn òkèèrè, mo ti sin aya, mo ti wọ ọkọ̀ òfúrufú pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, n kò sì ṣubú. N kò rò pé ilẹ̀ ni. Mo rò pé ẹ̀yin ni.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Èmi náà ò ní pẹ́ mọ́, àyà mi kì í ṣe ti ọmọdé, n kò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè fi ọmọ náà lé lọ́wọ́. Ẹ bá mi dì í mú. Ìbùkún ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ojú bí ojú yín. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé tí a sì ń lọ yẹn, àkàbà rẹ̀ ga.

Èmi ni, àkọ́bí yín tí ẹ̀rù ṣì máa ń bà.