Bátìrì Tuntun Inú Ọkọ̀ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọkọ̀ yín ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti sin yín ló ti wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, tí ewé ń já bò ó. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wọn ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n máa wà á lọ sílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà kọ́ mi ní wíwà. Ṣùgbọ́n n kò lè jókòó síbi tí ẹ ń jókòó. Nígbà tí mo wá ṣọkàn gírí, tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ó kàn dún kẹ́ kẹ́ kẹ́, ó sì dákẹ́. Àwọn ará àdúgbò bá mi tì í dé ojú títì Òkè-Àgbò. Kò jí.

Mo ṣí iwájú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ lẹ máa ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì àlòkù nu orí bátìrì yẹn kí ẹ tó wẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo rò pé àfẹ́jù ọkọ̀ ló ń dà yín láàmú. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti hù bo ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn, omi inú rẹ̀ sì ti gbẹ. Kí ló dé tí ẹ kò fi kọ́ mi ní tìyẹn náà? Àbí ẹ rò pé ẹ ó máa wà níbẹ̀ títí?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Lásísì oníbátìrì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ṣáájì rẹ̀ títí, kò gbà. Ó ní kí n ra òmíràn. Bátìrì ńlá kan tí àwọn ọlọ́kọ̀ agbégi ń lò ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí, torí mo fẹ́ èyí tí kò ní já mi kulẹ̀ láéláé. Àmọ́ nígbà tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, àwa méjèèjì rí i pé kò lè jókòó sínú ọkọ̀ kékeré bíi tiwa. A wá èyí tó bá ti àtijọ́ dọ́gba, tí agbára wọn rí bákan náà, tí ẹnu rẹ̀ sì kọjú síbi tí wáyà yóò dé. Lásísì kò jẹ́ kí n mú èyí tí eruku ti bò lórí pẹpẹ. Ó ní bátìrì tó bá pẹ́ nílẹ̀ láìṣiṣẹ́, inú ló ti ń kú lọ.

Ó bá mi padà dé ìdí ọkọ̀, ó so ó mọ́lẹ̀ pinpin nítorí gbágungbàgun ọ̀nà, ó fi gírísì pa á lórí. Ó ní kí n má bu omi kànga sí i, omi bátìrì nìkan ni.

"Tíṣà, ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yín kúrú jù," ló wí. "Agbára tí ẹ fi jí ọkọ̀ kò ní tíì padà wọlé tí ẹ ó ti pa á. Ẹ máa wà á lọ jìnnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ lẹ́ni tí ẹ lè máa lọ kí?"

Mo ní mo lẹ́ni.

Irọ́ ni, Bàbá. Màmá ti ṣáájú yín lọ. Ìkòkò kékeré ni mo fi ń se oúnjẹ báyìí, ó sì tún ń ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń wà á dé Àgọ́-Ìwòyè, n kò ní sọ̀ kalẹ̀, n óò sì yí i padà wá sílé. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé bátìrì ni mo ń bá ṣeré?

Sátidé tó kọjá, mo ronú kan Ìyá Ràfíù, àbúrò yín tó wà nílé ọkọ lọ́hùn-ún ní Wọ́tásáìdì létí ọ̀sà. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò jẹ́ kó lè wá sọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Mo forí lé ọ̀nà. Eruku pupa bò mí títí mo fi gbóòórùn omi ọ̀sà.

Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń yan ẹja. Bó ṣe gbọ́ ohùn ọkọ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ó ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi mà dé!"

Nígbà náà ló rí gèlè mi.

Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ tó kún fún èéfín lé iwájú ọkọ̀ tó gbóná.

"Ìwọ lo wà á wá? Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni, ìyá."

Kò sunkún. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣílẹ̀kùn, ó rọra gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó jókòó tì mí. Mo na ọwọ́ láti pa ọkọ̀ náà. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Má pa á," ló wí. "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ díẹ̀ sí i."

Kí Ọlọ́run máa kẹ́ yín títí di ọjọ́ tí n óò tún gbọ́ ohùn yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣẹ́kù sílé.