Ẹni Tó Dán Àìsí Rẹ̀ Wò: Ìgbésí Ayé Olóògbé Moses Olúṣínà Adésànyà (1892–1958)

A bí Bàbá wa, Olóògbé Moses Olúṣínà Adésànyà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dún 1892. Agbẹ́gilódò ni baba tó bí wọn. Adébísọ́lá aláró ni ìyá wọn. Ìwé kẹta ni wọ́n kà dé kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Lọ́dún 1919, wọ́n dé Agége. Wọ́n di alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà níbẹ̀, ọwọ́ wọn ni wọ́n sì fi kan gbogbo àga ìjọ náà.

Lọ́dún 1922, wọ́n gbé Tinúadé níyàwó. Ọlọ́run fi Olúgbénró àti Morẹ́nikẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ, lẹ́yìn náà Láídé, lọ́dún 1931. Láídé kò sọ̀rọ̀ rí. Kò mọ̀ pé iná ń jóni. Bí a kò bá fún un lóúnjẹ, kò ní béèrè. Nígbà tí Màmá ń kú lọ ní 1949, ohun tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn ni pé, "Bàbá Gbénró, ta ni yóò máa bọ́ Láídé?"

Lọ́dún 1953, Bàbá fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ ìlagi kan ní Ìkẹjà. Wọ́n kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí Dópẹ́mú, wọ́n sì ní kí lọ́yà kọ ìwé ìhágún: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilé náà níwọ̀n ìgbà tí Láídé bá wà láàyè, ọmọ tó bá ń bá a gbé ni yóò máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé.

Gbénró bínú. "Bàbá, ẹni tí kò mọ ilẹ̀kùn lẹ fi ilé fún?"

Bàbá ní, "Èmi kò fi ilé fún un. Òun ni mo fi fún ilé."

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìwé kì í bọ́ ọmọ. Lọ́dún 1955, wọ́n sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ kà mí kún òkú fún ọjọ́ méje," wọ́n sì gba orí òkè àdúrà lọ. Nígbà tí wọ́n dé, aṣọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́rùn Láídé ló ṣì wà níbẹ̀, ètè rẹ̀ ti bó. Lọ́dún kejì wọ́n tún lọ. Morẹ́nikẹ́ bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó tì í mọ́lé. Lẹ́ẹ̀kẹta, lọ́dún 1957, Gbénró fúnra rẹ̀ kó wá. Bàbá dé, wọ́n bá àgbàlá ní gbígbá, irun Láídé ní dídì.

Ṣùgbọ́n Láídé kò rí Bàbá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó gbé àwo ẹ̀bà síwájú bẹ́ǹṣì òfìfo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá pè é títí. Kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Gbénró, ta ló jókòó síbí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni Láídé ti ń gbé oúnjẹ yín síbẹ̀. Òfìfo la sì máa ń bá àwo náà."

Bàbá jókòó sójú ibẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn ni Láídé tó di ọwọ́ wọn mú. Wọn kò rin ìrìn àjò mọ́.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n sùn sí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà 1958. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wọn kò ní jí mọ́, Láídé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí títì tó dá páropáro.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sáyé lọ. Gbénró àti aya rẹ̀ ti kó wá sí Dópẹ́mú pátápátá.

Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹ má bojú wẹ̀yìn. Láídé ti jẹun.