Ẹja Tí Ẹ Kó Sódò Wa

Sí Olóògbé Apẹja,

Láti ọ̀dọ̀ Olórí Àgbà Pátápátá fún Ọ̀ràn Ẹja, Odò, Ọ̀sà àti Ohun Gbogbo Tó Ń Lúwẹ̀ẹ́, ní orúkọ ìjọba.

Ọ̀gbẹ́ni, a ti gbọ́ pé ẹ ti papò dà. Ìjọba bá ẹbí yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ikú kò ní kí ènìyàn má dáhùn ìbéèrè ìjọba. A fẹ́ mọ ẹni tó kó ọmọ ẹja ọ̀bọ̀kún láti omi Ìlàjẹ wá sínú odò ìdílé yín, láìgba àṣẹ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dáhùn ní kíákíá. Ìjọba kò ní sùn, ìjọba kò sì ní jẹun, títí tí ẹ ó fi

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ má bínú. Ohùn ńlá yẹn ti há mi lọ́fun. Mo rò pé bí mo bá fi ohùn ìjọba bi yín, bóyá ẹ ó dáhùn, nítorí mo ti fi ohùn ara mi bi yín títí, ẹ ò sọ nǹkan kan.

Màmá ṣì ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Òkè-Ajé. Èmi ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bàbá Kékeré ló ń pẹja nínú odò wa báyìí, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí ẹ ò gbà kó kan omi náà ló ń lò. Ẹja tó ń gbé wá fún Màmá kò ju ìka ọwọ́ lọ mọ́. Bó bá ti kan èéfín, ó ti fọ́. Ìkọ́kọrẹ́ tí a jẹ lọ́jọ́ Àìkú, egungun ni mo ń bá pàdé nínú ẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni obìnrin kan dé láti yunifásítì. Dókítà ni, ṣùgbọ́n kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Gbogbo ọjà ń pè é ní Dókítà Ẹlẹ́ja. Ó gba yàrá lẹ́yìn ilé wa nítorí pé a sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta yìnyín. Ó ń ra ọ̀bọ̀kún odò wa, ó ń ra ti ọ̀sà, ó ń ra ti Ìlàjẹ. Kò jẹ ọ̀kankan. Ẹ̀dọ̀ wọn ló ń yọ, á lọ̀ ọ́, á fi sínú nǹkan funfun kan tó dì bí ẹ̀kọ, á wá jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú ẹ̀kọ náà kọjá. Tó bá da aró sí i, ilà á yọ. Mo fi ojú ara mi rí i.

Ó ní bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọ ilà ìdílé sójú, bẹ́ẹ̀ ni ẹja ní tiwọn nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ti ń fẹ́ra wọn láti ìgbà pípẹ́, ilà wọn á jọra. Mo bi í pé ta ni olóòlà wọn. Ó rẹ́rìn-ín. A ṣì ń bára wa ṣeré nígbà yẹn.

Ohun tó ń wá nìyí, bó ṣe yé mi. Bí ẹja odò wa bá jẹ́ ìdílé tó dá dúró, tí a bá pa wọ́n tán, kò sẹ́ni tó máa rọ́pò wọn, ó yẹ kí odò sinmi. Ṣùgbọ́n bí ẹja ibòmíràn bá ń lúwẹ̀ẹ́ wá fúnra wọn, tí wọ́n ń fẹ́ tiwa, a lè máa pa á lọ, omi á máa kún. Ó wá rí ilà Ìlàjẹ lára ẹja wa. Ó tilẹ̀ rí àwọn tó ní ilà méjèèjì. Ó ní ó ti yanjú, wọ́n ń wẹ̀ wá. Ó fẹ́ sọ fún ìjọba pé kò sídìí tí odò wa fi gbọ́dọ̀ sinmi. Bàbá Kékeré gbọ́, ó ra àwọ̀n sí i.

Wọn ò wẹ̀ wá, Bàbá. Ọkọ̀ yín ni wọ́n wọ̀. Ṣebí èmi ni mo jókòó ti garawa, tí mo ń fi igbá bu omi tútù sí wọn kí wọ́n má baà kú. Màmá wà níwájú ọkọ̀, ó ká ìró sókè. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dá. Ẹ máa ń ṣí fìlà kí ẹ tó dà wọ́n sódò, bí ẹni tó ń wọ ilé àna.

Mo lọ sọ fún Dókítà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ohùn ta lo fẹ́ lò lónìí?”

Mi ò lè bá a jà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo fi ohùn ẹ̀ pe dírébà ẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri pé kó máa lọ dúró de òun ní Ìbẹ̀fún. Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ta ni yóò tún gba ẹnu mi gbọ́?

Mo bẹ Màmá kó bá mi sọ ọ́. Màmá fa etí mi.

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé èèwọ̀ ló pa bàbá ẹ ni?”

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èèwọ̀ ni nínú ìdílé wa, pé ẹja omi ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ wọ omi wa láàyè. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí Bàbá Kékeré bá lọ sọ́jà la máa ń lọ. Ṣé ẹ mọ̀, Bàbá? Bí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ fi mú ọmọdé dání? Ibà ló pa yín, ilé-ìwòsàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́ bó bá jẹ́ ojúmọmọ.

Àárọ̀ tí Dókítà ń palẹ̀ ẹrù mọ́, Màmá ń yí ẹja lórí iná nínú àgbàlá. Mo dúró sí àárín àwọn méjèèjì. Ẹ mọ̀ mí, mo lè ṣe ohùn Bàbá Kékeré, mo lè ṣe ti àlùfáà, mo lè ṣe ti ọ̀gá ilé-ìwé wa tí imú ẹ̀ máa ń dí. Tiyín ni mi ò tíì ṣe rí láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Mo wú ikọ́ kékeré yín yẹn. Mo ní, bí ẹ ṣe máa ń sọ fún àwọn ẹja náà létí odò, “Ẹ wọlé, ẹ̀yin àlejò. Ẹ má bá onílé jà. Ẹ fẹ́ra yín, kí ẹ bímọ.”

Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú èéfín. “Ẹ rọra o, ẹ tún ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ló bo ẹnu. Dókítà wò ó, ó wò mí, ó gbé àpótí ẹ̀ sílẹ̀.

“Òun ló kó wọn wá,” Màmá sọ. “Mo wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún ìjọba. Àwọn ará ilé ọkọ mi á sọ tiwọn.”

Wọ́n sì sọ ọ́. Bàbá Kékeré ò wọlé wa mọ́. Odò ń sinmi o, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀: nígbà tí Dókítà ti wá mọ̀ pé ẹja kò wẹ̀ wá fúnra wọn, ó lọ bá àwọn àgbà létí omi pé kí odò sinmi, ó ṣàlàyé ilà inú ẹ̀jẹ̀ títí ọ̀fun ẹ̀ fi gbẹ, kò yé ẹnì kankan. Èèwọ̀ tí ẹ dà ló yé wọn. Wọ́n ní omi ti bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ àwọ̀n sí i fún òjò méjì. Ohun tí Dókítà fẹ́ gan-an nìyẹn, ẹ̀yin ni wọ́n sì fi bú láti rí i gbà. Ta ló wá jàre?

Mo bi Dókítà bóyá ohun tí ẹ ṣe dára. Ó ní òun ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn àlejò yín ni kò jẹ́ kí ẹja ti tán nínú odò tipẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé tiwa mì, tí a ò ní mọ onílé mọ́ láé. Mo ní èwo nínú méjèèjì. Ó ní bóyá méjèèjì. Báwo ni nǹkan kan ṣe lè jẹ́ méjèèjì, Bàbá? Ṣé mo gbè yín ni àbí mo tà yín?

Lánàá, bí a ṣe ń jẹ ẹ̀kọ, Màmá ní kí n tún fi ohùn yín pe òun. Mo wú ikọ́ náà. Mo la ẹnu, ohùn tèmi ló jáde. Màmá ṣì dáhùn.

Kò sí Olórí Àgbà kankan. Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bu omi sí garawa, tó fẹ́ràn yín.