Aṣọ Pupa Ojú Fèrèsé: Ìgbésí Ayé Alàgbà Akínlabí Abọ́dúndé (1950–2025)

Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 2025, Bàbá wa, Alàgbà Akínlabí Abọ́dúndé, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wọn ní Ìpọ̀nrí. Dókítà ti ní kí wọ́n sinmi nítorí ọkàn wọn. Wọ́n ní àwọn yóò sinmi tí àwọn bá so àwọn ègé orin dùùrù tí Màmá wa tẹ̀ pọ̀ tán.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti bí wọn ní ọdún 1950, sínú ìdílé Olóògbé Joshua Abọ́dúndé, àgbẹ̀, àti Olóògbé Àṣàbí, aláró. Lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, wọ́n wá kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe ní Oto, ní Èkó. Ẹ̀kọ́ tó kù, ti gbígba ohùn sílẹ̀, inú ìwé tí wọ́n ń gbà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní ọdún 1978, wọ́n gbé Lydia, Màmá wa, tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ wọn ní Yábàá, níyàwó.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá fi gba ohùn akọrin ìjọ àti àwọn tó ń ta fayolíìnì sílẹ̀. Ikọ́, ìró bàtà, ìwé tí a ṣí: ìdọ̀tí ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń gé e dànù. Tí Bàbá bá ti kọ́ aṣọ pupa sí ojú fèrèsé, pé kí àdúgbò dákẹ́, Alhaji Yẹ̀kínnì tó ń lẹ táyà níwájú ilé á pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, wọn á sì kígbe sí àdúgbò: "Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ yín o! Bàbá ti kọ́ aṣọ!"

Ní ọdún 2024, ìka Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Wọ́n fẹ́ fi orin kan sílẹ̀ lódindi fún àwọn ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ dé òpin mọ́. Bàbá ń gbà á sílẹ̀ ní ẹsẹ ẹsẹ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n sì ń mú èyí tó dára jù. Wọ́n tún gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀; òun ni wọ́n fi ń dí ojú oríkèé, ibi tí ẹsẹ kan ti pàdé èkejì. Débọ̀ tó ń darí akọrin ní, "Bàbá, ṣé màgòmágó kọ́ nìyí?"

Bàbá ní, "Ọwọ́ ta ló tẹ̀ ẹ́? Kúrò níbẹ̀ jàre, o ń dí ìmọ́lẹ̀ mi."

Màmá wa, àwa ọmọ wọn, Motọ́lání àti Ṣùbòmí, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin tí Ìníolúwa jẹ́ àgbà wọn, ni Bàbá fi sílẹ̀ láyé. Àwọn ọmọ-ọmọ ló ni orin náà.

Ní Sátidé yẹn, oríkèé tó kẹ́yìn jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn tí dùùrù dákẹ́, ohùn Màmá jáde nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀: "Bàbá Motọ́lání, ó ti tán?" Ṣùbòmí rán wọn létí pé wọn kò tíì gé e.

Bàbá ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí."

Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n ká aṣọ pupa, wọ́n ní kí Alhaji Yẹ̀kínnì tan ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì rìn lọ sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò jí mọ́.

Ó ti tán, Bàbá. Iṣẹ́ yín mọ́. Ẹ sùn re o.